Bí a ṣe ń wá ìtànṣán gámà tó bá FRB rìn: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan ní Àkúrẹ́

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2020, Kòrónà ti ti gbogbo iléèwé pa. Láti North Gate FUTA dé South Gate, ẹsẹ̀ èèyàn ò pọ̀ rárá. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, lójú aago tiwa níbí, ìró rédíò kan já lu ayé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní FRB (fast radio burst). Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá. Awò CHIME ní Kánádà gbọ́ ọ, STARE2 ní Amẹ́ríkà náà gbọ́ ọ. Lásìkò kan náà, sátẹ́láìtì INTEGRAL, Insight-HXMT ti Ṣáínà, AGILE àti ẹ̀rọ Konus tó wà lórí Wind rí ìtànṣán X líle tó ti ojú kan náà wá. Mágínẹ́tà kan nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa gan-an ló ṣe é, SGR 1935+2154 ni wọ́n ń pè é. Mágínẹ́tà ni òkú ìràwọ̀ tó ki gan-an, tí agbára òòfà rẹ̀ sì kọjá àfẹnusọ.

Mo fi ìtàn yẹn ṣáájú torí pé òun ni òṣùwọ̀n wa. Nínú gbogbo ibi tí FRB ti ń jáde, mágínẹ́tà yìí nìkan ni gbogbo onímọ̀ fẹnu kò sí pé rédíò rẹ̀ àti ìtànṣán alágbára rẹ̀ jọ dé. Àwọn yòókù jìnnà gan-an, a ń gbọ́ ohùn wọn lásán ni, a ò rí iná wọn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹni tó wà ní Àkúrẹ́, tí kò ní awò kankan, ṣe lè bá wọn wá iná náà.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè kò pọ̀: kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, Python, íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣe é fọkàn tẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, àti sùúrù. Ọ̀fẹ́ ni dátà Fermi, sátẹ́láìtì NASA tó ń wo ìtànṣán gámà; NASA kì í béèrè orúkọ baba ẹnikẹ́ni kó tó fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní FUTA tàbí ní Àkùngbá lè fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Àmọ́ mo fẹ́ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: rírí ìtànṣán gámà tí àkókò rẹ̀ bá ti FRB mu kò le. Iṣẹ́ gidi ni kéèyàn fi hàn pé kì í ṣe pé wọ́n kàn pàdé lọ́nà.

FRB wo la fẹ́ tọ́pa?

FRB jẹ́ ìró rédíò òjijì tí kì í sábà ju mìlísẹ́kọ̀ndì díẹ̀ lọ. Duncan Lorimer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kéde àkọ́kọ́ ní 2007. Inú dátà àtijọ́ ni wọ́n ti hú u jáde, èyí tí awò Parkes ní Ọsirélíà ti gbà sílẹ̀ láti 2001. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Bí a ṣe ń sọ ọmọ ní Abíọ́dún, orúkọ FRB máa ń sọ ìgbà tí wọ́n bí i. FRB 20200120E: ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2020 la kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́tà E sì wà láti yà á sọ́tọ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ pín ọjọ́ náà. Nínú ìwé àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí orúkọ kúkúrú bíi FRB 121102. Bákan náà ló rí, wọ́n kàn gé ọdún kúrú.

Àkójọ tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni àkọ́kọ́ tí CHIME gbé jáde ní 2021. Ìró 536 ló wà nínú rẹ̀, láti oṣù keje 2018 dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje 2019. Fún FRB kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá mú, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: àkókò tó dé, fíríkúẹ́ńsì tí wọ́n fi wọn àkókò yẹn, DM rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe dá a dúró tó), àti ibi tó wà lójú ọ̀run pẹ̀lú bí àṣìṣe ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú mẹ́rin yìí, ẹ fi FRB náà sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. Kò sí ohun tí ń jẹ́ ẹ̀bùrú nínú èyí.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo 536. Ẹ mú méjì tí a mọ ilé wọn. FRB 20200120E wà nínú ìdì ìràwọ̀ kan lára M81, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ míì tó jìnnà tó mílíọ̀nù 3.6 parsec sí wa (parsec ni òṣùwọ̀n jíjìn lójú ọ̀run). Nínú àwọn tó wà lẹ́yìn òde ìṣùpọ̀ tiwa, kò sí èyí tó sún mọ́ wa bíi tirẹ̀. FRB 20180916B jìnnà tó mílíọ̀nù 149 parsec, ó sì ní àkókò tó máa ń sọ̀rọ̀: nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síra wọn. Àwọn méjèèjì máa ń tún ara wọn sọ, torí náà ẹ ó rí ọ̀pọ̀ àkókò yẹ̀ wò lórí ẹyọ kan. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi yan méjì yìí nígbà tó bá yá.

Aago ni gbogbo rẹ̀

Ibí ni mo ti rí i tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù, torí náà ẹ jẹ́ ká jókòó tì í.

Ẹ ronú ọlọ́kadà àti tirélà tó jọ gbéra láti Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ọ̀nà kan náà ni, kòtò kan náà ni, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà á ti mu omi tán kí tirélà tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì rédíò ṣe rí. Èyí tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ga ń ṣáájú, èyí tó rẹlẹ̀ ń falẹ̀, nítorí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fọ́n káàkiri lójú ọ̀nà. DM ni iye kòtò ojú ọ̀nà náà. Ìtànṣán gámà ní tirẹ̀ ò mọ kòtò kankan. Òfúrufú ló gbà.

Nítorí náà, àkókò tí awò rédíò kọ sílẹ̀ kọ́ ni ẹ máa wá nínú dátà gámà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìdádúró kúrò. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: ẹ fi 4.149 ṣe ìlọ́po DM, kí ẹ pín in fún fíríkúẹ́ńsì tí ẹ ti fi ara rẹ̀ ṣe ìlọ́po. Kí fíríkúẹ́ńsì wà ní GHz. Mìlísẹ́kọ̀ndì ni ìdáhùn yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2020 dán an wò. DM rẹ̀ jẹ́ 332.7. Ní 400 MHz, ìyẹn 0.4 GHz, ìdádúró jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 8.63. CHIME gbọ́ ọ níbẹ̀ ní 14:34:33 UTC, ìyẹn aago àgbáyé, tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ẹ yọ 8.63, ó kù 14:34:24 àti díẹ̀. STARE2 gbọ́ tirẹ̀ ní nǹkan bí 1.53 GHz, níbi tí ìdádúró ò ju 0.59 lọ, ní 14:34:25. Ẹ yọ ọ́, 14:34:24.4 náà ni. Awò méjì tó jìnnà síra wọn, aago tó fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ yàtọ̀, wọ́n sì padà pàdé lójú kan. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra mi lórí ìwé, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣe é fúnra yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì.

Nínú àkójọ CHIME, òpó méjì wà fún àkókò: mjd_400 àti mjd_inf (MJD ni ọjọ́ àti aago tí a kọ bíi nọ́ńbà kan ṣoṣo). Ti èkejì ni wọ́n ti yọ ìdádúró kúrò. Bí ẹ bá lo mjd_inf, ẹ má tún un yọ. Mo ti rí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó kù nípa aago pọ̀ díẹ̀. Àwọn ìwé kan máa ń kọ àkókò bí ẹni tó dúró sí àárín gbùngbùn ìdílé oòrùn yóò ṣe rí i, kì í ṣe bí ayé ṣe rí i. Ìyàtọ̀ méjèèjì lè tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "barycentric" nínú ìwé tí ẹ ti mú àkókò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi astropy, irinṣẹ́ Python fún ìmọ̀ ojú ọ̀run, yí i padà. Ní ti Fermi fúnra rẹ̀, kò jìnnà sí ilẹ̀, ìrìn ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé àárín ayé ò ju mìlísẹ́kọ̀ndì 23 lọ. Ẹ lè gbàgbé ìyẹn bí ẹ kò bá wá nǹkan tó kúrú gan-an. Ti Konus-Wind ò ṣe é gbàgbé: mílíọ̀nù kìlómítà kan ààbọ̀ ló fi jìnnà, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sì nìyẹn.

Ẹ má fi Excel ṣí fáìlì tí MJD wà nínú rẹ̀. Ó lè gé nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì kù. Nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn àmì ò lè sọ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Mẹ́jọ ni ẹ nílò kí ẹ tó lè dé mìlísẹ́kọ̀ndì.

Fermi ní aago tirẹ̀ tó ń jẹ́ MET, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá láti òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2001, ní UTC. Wọ́n ti fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kún aago ayé láti ìgbà náà, ẹ gbọ́dọ̀ kà wọ́n mọ́ ọn fún gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 2017 síbí. Ti mágínẹ́tà wa wá di 609777269.43. Bí ètò yín bá fún yín ní nọ́ńbà míì, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wá ibi tó ti yà.

Ní tèmi o, ìtìjú ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ aago. Ọdún kan báyìí mo rí òkè kan tó dúró ṣánṣán nínú dátà, lójú àkókò FRB gan-an. Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Ọbà-Ilé lóru, mo ní kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aago ibo lẹ lò?" Aago Nàìjíríà ni kọ̀ǹpútà mi wà, Python sì ti fi wákàtí kan kún un láìsọ fún mi. Wákàtí kan gbáko ni mo fi kọjá ibi tí mo rò pé mo ń wò. Àtìgbà yẹn, ìlà àkọ́kọ́ nínú ètò mi ni pé UTC ni gbogbo aago.

Ṣé ojú Fermi wà níbẹ̀?

Wọ́n rán Fermi lọ sókè ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 2008. Ẹ̀rọ méjì ló gbé, ṣùgbọ́n GBM ló bá wa mu jù, torí pé ó ń wo ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú mẹ́rìnlá ló ní. Méjìlá jẹ́ ti NaI, irú kírísítálì kan, wọ́n ń rí láti 8 keV dé nǹkan bí 1 MeV (keV, MeV àti GeV ni òṣùwọ̀n agbára ìtànṣán, láti kékeré sí ńlá); orúkọ wọn ni n0 títí dé n9, lẹ́yìn náà na àti nb. Méjì jẹ́ ti BGO, kírísítálì míì, b0 àti b1, wọ́n ń rí èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ dé 40 MeV. LAT ni ẹ̀rọ kejì, ó ń wo GeV. Ó dára, àmọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ojú ọ̀run ló ń rí lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ tó gba dátà ńlá, ẹ gba fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ní poshist nínú. Ọjọ́ kan, fáìlì kan. Ó máa sọ ibi tí Fermi wà àti ibi tó kọjú sí ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í léèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé ayé ò dí FRB náà lójú? Ayé máa ń dí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ojú ọ̀run, níbi tí Fermi wà. Ṣé Fermi ò sí lókè Àtìláńtíìkì níhà gúúsù, láàárín Brazil àti gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti máa ń pa ojú rẹ̀ dé nítorí òjò pàtíkù? Ojú wo nínú méjìlá ló kọjú sí FRB náà jù, ó kéré tán láàárín ìwọ̀n ọgọ́ta? Ẹ kọ orúkọ ojú mẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù.

Ẹ ti kíyè sí i pé Fermi ò sí nínú àwọn tí mo kà pé wọ́n rí ti 28 oṣù kẹrin 2020? Ẹ fi poshist ọjọ́ náà dán ọwọ́ yín wò lórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ayé dí i lójú, "a ò rí nǹkan kan" kì í ṣe èsì nígbà náà, pé a ò wò ni.

Gbígba dátà lóru

Ẹ fi pip gba astro-gdt àti astro-gdt-fermi. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí GBM ló kọ wọ́n, wọ́n sì ti ṣe gbogbo ìyípadà aago àti ojú ọ̀run tó máa ń pa wá lórí. Dátà fúnra rẹ̀ wà ní HEASARC, ibi tí NASA ń kó dátà pamọ́ sí, nínú àpò ojoojúmọ́ ti GBM. TTE lẹ fẹ́, ìyẹn èyí tó kọ àkókò fótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ dé ìwọ̀n máíkírósẹ́kọ̀ndì méjì. Láti ìparí 2012 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ láìdúró. Fún FRB tó ti wà ṣáájú ìgbà náà, àfi kí ẹ gba CTIME, tí àpótí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlísẹ́kọ̀ndì 256.

Wákàtí wákàtí ni wọ́n gé fáìlì TTE. glg_tte_n5_200428_14z_v00.fit.gz: ojú n5, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2020, wákàtí 14. Wákàtí UTC ni o, kì í ṣe ti Àkúrẹ́. Bí FRB bá bọ́ sí etí wákàtí, ẹ gba fáìlì ìhà kejì náà.

Ojú mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ ra dátà òru, kí ẹ sì fi wget tó mọ bí a ṣe ń tẹ̀síwájú láti ibi tó dúró ṣe é, torí pé iná á lọ, nẹ́tíwọ̀kì á lọ, òjò á sì fún àwọn méjèèjì ní ìdí. Ẹ ṣí fáìlì wò láàárọ̀ kí ẹ tó gbà pé ó pé. Fáìlì tó já lágbede méjì máa ń dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ẹ pinnu kí ẹ tó wò

Ẹ mú ìwé gidi, kì í ṣe fáìlì, kí ẹ kọ ohun tí ẹ máa wá sí i: láti ìṣẹ́jú àáyá mélòó ṣáájú FRB dé mélòó lẹ́yìn rẹ̀, àpótí àkókò tó fẹ̀ tó mélòó, àti láti keV mélòó dé mélòó. Ẹ kọ déètì sí i. Mo máa ń lo 100 ṣáájú àti 100 lẹ́yìn, àpótí 0.064, 0.1, 1 àti 8. 50 dé 300 keV fún ohun tó jọ GRB (ìbúgbàù ìtànṣán gámà láti ọ̀nà jíjìn), àti 8 dé 50 fún ohun tó jọ mágínẹ́tà kékeré. Ẹni tó bá wo àwòrán kó tó pinnu máa yí àpótí rẹ̀ títí yóò fi rí òkè, yóò sì búra pé òun ò ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa; ojú ló ń tàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ariwo ẹ̀yìn. GBM kì í dákẹ́, bí ọjà ni. Ẹ mú ibi tó jìnnà díẹ̀ sí FRB ní ìhà méjèèjì, kí ẹ fa ìlà tó tẹ̀ díẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀, kí ìlà náà sọ iye fótọ́ọ̀nù tó yẹ kó wà lójú FRB bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀.

Ká ní ariwo náà jẹ́ 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú àpótí 0.1, 30 ni ẹ ń retí, ó sì lè yẹ̀ sókè sódò ní nǹkan bí 5.5 láìsí ìdí kankan. Kó tó di sígmà márùn-ún, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún ìyẹ̀ náà, ẹ gbọ́dọ̀ kà tó 57. Ó dà bíi pé ó rọrùn. Ẹ wá kà á wò: 200 ìṣẹ́jú àáyá pín sí 0.1 jẹ́ àpótí 2000. Òkè sígmà mẹ́ta máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kan nínú nǹkan bí 740. Nínú 2000 yẹn, méjì tàbí mẹ́ta á yọjú fúnra wọn. Bí ẹ bá wo ojú méjìlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lé ní ọgbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí sígmà mẹ́ta kì í fi í jí mi lójú oorun mọ́. Òkè tó bá jẹ́ òótọ́ gbọ́dọ̀ hàn ní ojú tó kọjú sí FRB, kó rẹlẹ̀ ní èyí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní èyí tó kẹ̀yìn sí i.

Ìyá Ìbejì l'Ọ́jà Ọba

Ẹ dúró sí àárín Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ kígbe pé "Ìyá Ìbejì!" Ẹnì kan máa dáhùn. Ó lè jẹ́ mẹ́rin. Pé wọ́n dáhùn ò sọ pé ẹni tí ẹ ń wá nìyẹn.

GBM máa ń rí GRB tó nǹkan bí 240 lọ́dún. Ẹ pín in fún ìṣẹ́jú àáyá inú ọdún kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 200 tó jẹ́ fèrèsé wa: 0.0015 ni. Ó kéré gan-an fún FRB kan. Ẹ wá fi 536 sọ ọ́ di ìlọ́po: 0.8. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá fi gbogbo àkójọ CHIME yẹn wá inú GBM bó ṣe yẹ, ó lé díẹ̀ ní ìdajì pé ó kéré tán GRB kan máa bọ́ sí inú fèrèsé FRB kan, láìjẹ́ pé wọ́n mọra rí. Ohun tó ń gbà wá ni ibi tó wà lójú ọ̀run. Bí GRB náà bá gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n mẹ́wàá sí FRB, 0.8 yẹn á di nǹkan bí 0.006. Nísinsìnyí ẹ lè máa sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ̀ bóyá Ìyá Ìbejì yín ni kì í béèrè ìṣirò púpọ̀. Ẹ mú àwọn FRB yín, kí ẹ ti àkókò wọn síwájú tàbí sẹ́yìn ní wákàtí mélòó kan láìtẹ̀lé ìlànà kankan, kí ẹ sì tún gbogbo ìwákiri náà ṣe bí ẹni pé òótọ́ ni. Ẹ ṣe é ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, ẹ lè lọ sùn. Bí òkè tó ga tó èyí tí ẹ rí bá yọjú nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún náà, ẹ ti mọ iye tí tiyín tó. Ẹ rí i pé àkókò irọ́ náà bọ́ sí ibi tí Fermi lajú sí, kì í ṣe lókè Àtìláńtíìkì.

FRB 131104 ló máa ń wá sí mi lọ́kàn níbí. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan kéde pé nínú dátà sátẹ́láìtì Swift, àwọn rí ìtànṣán gámà tó bá a rìn, tó sì lò ju ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Sígmà 3.2 ni agbára ẹ̀rí náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn tọkàntọkàn, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò tíì gbà á títí dòní, torí pé 3.2 ni, kì í ṣe 6. Ẹ ka ìwé wọn, ẹ ó kọ́ púpọ̀ níbẹ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń kọ èsì tí kò lágbára láìpurọ́.

Àwọn tó ń fara wé e

Àkọ́kọ́ ni ààrá wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ti òjò oṣù karùn-ún ní Àkúrẹ́. Ìjì líle máa ń tú ìtànṣán gámà jáde sókè, tí kò tó mìlísẹ́kọ̀ndì kan, Fermi sì ń kà á. Ọ̀nà tó ń gbà yípo ayé kì í kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 26 sí àríwá àti gúúsù, torí náà orí wa níbí wà lára ibi tó ń gbà kọjá déédéé. Àwọn tó ní Ṣàngó ló ń da iná lẹ́nu ò mọ̀ pé a máa fi sátẹ́láìtì rí i. Bí òkè yín bá kúrú tó bẹ́ẹ̀, tó sì le dé inú BGO, ẹ wo ibi tí Fermi wà lókè ilẹ̀ kí ẹ tó yọ̀.

Oòrùn náà wà níbẹ̀. Ìbúgbàù rẹ̀ sábà máa ń rọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 50 keV, á sì hàn jù ní ojú tó kọjú sí oòrùn. Pàtíkù tó bá kọlu ojú NaI kan ṣoṣo máa ń ṣe òkè ńlá tí kò sí níbòmíì. Òkè olójú kan, ẹ sọ ọ́ nù. Nígbà míì ẹ ó rí mágínẹ́tà míì tó ń ṣeré tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ ò bá rí nǹkan kan

Èyí ló máa ṣẹlẹ̀ sí yín. Ìwákiri kan tí wọ́n gbé jáde ní 2019, tó fi FRB 23 wá inú Fermi àti Swift, kò rí ọ̀kan ṣoṣo tó dúró. Ẹ má wá sọ pé "kò sí". Ẹ sọ bí ó ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó kó tó lè fara pamọ́ fún yín. Ẹ wá iye fótọ́ọ̀nù tó kéré jù tí ẹ̀ bá ti rí, ẹ lo ìdáhùn ẹ̀rọ tó wà nínú GDT láti yí i sí erg (òṣùwọ̀n agbára) lórí sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin kan, lẹ́yìn náà ẹ fi jíjìn FRB náà yí i sí agbára gbogbo: 4π, ìlọ́po jíjìn tí ẹ fi ara rẹ̀ ṣe ìlọ́po, ìlọ́po èyí tí ẹ rí.

Ká ní 5×10⁻⁸ ni ààlà tí ẹ rí. Fún FRB 20180916B, ní mílíọ̀nù 149 parsec, ó di nǹkan bí 1.3×10⁴⁷ erg. Ìtànṣán X tí mágínẹ́tà wa tú jáde ní 2020, bí a bá gbà pé ó jìnnà tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá parsec, kò ju nǹkan bí 10⁴⁰ lọ. Ìbúgbàù mágínẹ́tà tó tóbi jù tí a tíì rí nínú ìṣùpọ̀ wa, ti SGR 1806-20 ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 2004, jẹ́ nǹkan bí 10⁴⁶. Kódà òun náà ì bá kọjá níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ìdákẹ́jẹ́ FRB yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan fún wa.

Ẹ wá ṣe ìṣirò kan náà fún ti M81, ní mílíọ̀nù 3.6 parsec: nǹkan bí 8×10⁴³ erg. Ìbúgbàù bíi ti 2004 ì bá fi ju ọgọ́rùn-ún ìlọ́po lọ kọjá ààlà yẹn. Á fọ́ yín lójú. Nítorí náà, fún gbogbo ìgbà tí FRB 20200120E bá sọ̀rọ̀ tí Fermi sì lajú sí i, ìwé òfìfo yín ní ohun kan tó dájú láti sọ: ìbúgbàù ńlá bẹ́ẹ̀ ò bá a rìn lọ́jọ́ yẹn. DM rẹ̀ jẹ́ 87.8, ìdádúró rẹ̀ ní 400 MHz ò ju ìṣẹ́jú àáyá 2.3 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.